Ìrẹsì Tó Ń Sunkún ní Waibora

Ẹni tó bá rin ìrìn-àjò lọ wo àbùkù ilé onílé, kí ó má gbàgbé pé onílé ń wo tirẹ̀ náà bọ̀. Kì í ṣe àwọn baba ńlá wa ló pa òwe yìí. Èmi ni mo pa á, ní etí òkun, níwájú ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ bí ẹlẹ́dẹ̀ ti ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà.

Láti ìgbà tí mo ti padà dé sí Àkúrẹ́, n kò lè rin òpópónà Arakale já kí ẹnìkan má dá mi dúró. "Bàbá, ẹ kú àbọ̀! Báwo ni Indonéṣíà?" Mo máa ń dáhùn pé, "A dúpẹ́," n ó sì kọjá lọ, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Ọ̀rọ̀ ìjókòó ni. Ó yá, ẹ fa àga.

Ohun tó gbé mi kúrò nílé

Fúnmiláyọ̀ ni àbíkẹ́yìn mi. Kòkó oko mi ní Bọ́lọ́rundúró ló tọ́ ọ dàgbà, kòkó náà ló rán an dé yunifásítì, nígbà tó sì jáde tán, kòkó yìí kan náà ló pè é lọ sí Indonéṣíà láti lọ kọ́ bí wọ́n ti ń wo àrùn ara igi kòkó sàn. Inú mi dùn. Mo ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. N kò mọ̀ pé igi nìkan kọ́ ni ènìyàn ń bá pàdé nínú oko kòkó.

Ní ọjọ́ kan ó pè mí lórí fóònù. Ojú rẹ̀ hàn, ojú ọkùnrin kan sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀.

"Bàbá, Markus nìyí."

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ apẹja ni, sà. Bàbá rẹ̀ ní oko kòkó díẹ̀ náà."

"Báwo ni díẹ̀ náà ti tó?"

Ìyá Fúnmi, aya mi, fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ mí ná, Bàbá Fúnmi. Ọkọ ni ó mú wá, kì í ṣe ìwé ilẹ̀."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi ọmọ fún ilé tí a kò wádìí. Ṣùgbọ́n ta ni n ó rán lọ wádìí ní òpin ayé? Mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, ìlú tí a ti bí mi, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n jẹ́ olórí ilé wa láti ìgbà tí àwọn òbí wa ti lọ. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin, wọn kò gbé ojú sókè, lẹ́yìn náà ni wọ́n fọhùn. Èdè Oǹdó pọ́ńbélé ni wọ́n fi sọ ọ́, mo tún un tò díẹ̀ kí ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ má baà ní etí yín kò gbà á.

"Ìwọ fúnra rẹ ni wàá lọ. Má jókòó sí Àkúrẹ́ kí o máa wo ọkọ ọmọ nínú fóònù bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Lọ bá wọn jẹun. Àlejò lè purọ́, onílé lè purọ́, àwo oúnjẹ kì í purọ́. Ohun tí o bá rí nídìí àwo ni kí o wá sọ fún mi. Bí o bá ní kí ó fẹ́ ẹ, yóò fẹ́ ẹ. Bí o bá ní rárá, ọ̀rọ̀ bùṣe."

Fúnmiláyọ̀ náà gbà. "Ohun tí ẹ bá sọ ni n ó ṣe, Bàbá." Ó sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ti gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni ayọ̀ ọmọ mi ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú obì, pẹ̀lú ẹ̀wù òfì méjì, àti pẹ̀lú ìgbéraga kan tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù.

Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wó

N kò ní fi ìròyìn ọkọ̀ òfuurufú dá yín lágara. Mo sùn, mo jí, wọ́n gbé oúnjẹ wá; mo tún sùn, mo tún jí, oúnjẹ náà ni wọ́n tún gbé wá. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, mo gúnlẹ̀ sí erékùṣù kan tí à ń pè ní Flores. Òkè gíga kan wà níbẹ̀ tí èéfín ń rú láti orí rẹ̀ bí àgbà tó ń fa ìkòkò tábà. Gbogbo ènìyàn ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ra ẹja, wọ́n ń tajà. Mo bi ẹni tó jókòó tì mí bóyá òkè náà máa ń bínú. Ó ní, "Nígbà mìíràn," ó sì ń bá ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Fúnmiláyọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òdì kejì òkè títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí náà Markus nìkan ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Mo ti wọ òfì mi. Ọ̀gá ilé-ìwé ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì mọ bí a ti ń dúró kí ọmọ mọ̀ pé ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé, bí ó bá na ọwọ́ sí mi, mo ti rí i. Bí ó bá tẹ orí ba bí alángbá, mo ti rí i.

N kò tíì rò ó tán tí ọmọkùnrin náà fi wó lulẹ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì, ó nà bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìjì bì ṣubú, àpò rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ méjì sáré wá pẹ̀lú omi. Obìnrin kan pe Jésù. Markus kò dìde, nítorí Fúnmiláyọ̀ ti kọ́ ọ pé ọmọ kì í dìde títí àgbà yóò fi dá a lóhùn. Èmi náà kò dá a lóhùn, nítorí ẹ̀rín ti há mi lọ́fun. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti fẹ́ máa gbé e kí n tó rí ohùn.

"Dìde, ọmọ mi."

Ẹ gbọ́ mi: ọmọ mi! Ìwádìí kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹnu mi ti fọmọ fún un. Ó dìde, ó gbọn eruku nù, ó gba ọwọ́ ọ̀tún mi, ó sì fi í kan iwájú orí rẹ̀, nítorí bí wọ́n ti ń kí àgbà ní ilẹ̀ tiwọn nìyẹn. Ó fi àṣà orílẹ̀-èdè méjì kí mi láàárọ̀ kan. Mo fún un ní máàkì, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ó mọ̀.

Mo bá kòkó ẹni ẹlẹ́ni wí

Abúlé kékeré ni Waibora, ó há sáàárín òkè àti òkun bí ìwé inú àpò. Ọparun ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ibẹ̀, páànù wà lórí rẹ̀, àwọn igi àgbọn sì tẹ̀ sórí omi bí ẹni ń wá nǹkan tó bọ́ sínú rẹ̀. Ọkọ̀ ìpẹja wọn ní apá igi méjì, ọ̀tún àti òsì, bí ẹyẹ tó fẹ́ fò tó tún rò ó pé kí òun ṣì jókòó. Mo ti rò pé n ó bá àwọn ènìyàn pupa onírun gbọọrọ. Àwọn tí mo bá dúdú, irun wọn ká, débi pé ìyá arúgbó kan wò mí títí, ó sì ní mo jọ arákùnrin òun kan tó ń gbé lórí òkè. Èmi tí mo ti múra láti jẹ́ àlejò ńlá láti Áfíríkà, mo di ará orí òkè lójú ẹsẹ̀.

Bí a ti ń rìn lọ ni òórùn kan gbá mi nímú, mo sì dúró gbagidi. Òórùn Bọ́lọ́rundúró ni. Wọ́n sá kòkó sórí tapólì lẹ́bàá ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń sá a. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú hóró kan, mo fi eyín fọ́ ọ.

"Markus, sọ fún ẹni tó ni ín pé kò tíì gbẹ. Kí ó tún sá a fún ọjọ́ mẹ́ta sí i. Ọ̀lẹ ni í kó kòkó tútù."

Markus kò túmọ̀ rẹ̀. Ó ń wo ẹ̀yìn mi. Mo yíjú padà, mo rí ọkùnrin àgbàlagbà kan tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó di igi tí wọ́n fi ń yí kòkó mú lọ́wọ́. Bapa Lukas ni, bàbá Markus, ẹni tó ni kòkó. Bí mo ti ṣe kọ́kọ́ kí àna mi nìyẹn.

Nígbà tí Markus túmọ̀ rẹ̀ tán, Bapa Lukas náà mú hóró kan, ó bù ú jẹ, ó ronú, ó sì mi orí bí ẹni tó gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi rẹ̀ yí kòkó náà padà.

"Bapa" ni wọ́n ń pe gbogbo bàbá níbẹ̀, "Mama" sì ni gbogbo ìyá. Ọmọdé kan kì í pe àgbà ní orúkọ lásán. Èyí tù mí lára. Wọ́n gbé mi jókòó sórí ẹní, wọ́n gbé èso líle kan fún mi tó ń ṣe iṣẹ́ obì lọ́dọ̀ wọn, pẹ̀lú ewé àti ẹfun funfun. Mo jẹ ẹ́ bí mo ti ń jẹ obì. Ètè mi pọ́n bí ti ẹni tó bá ológbò jà, gbogbo agboolé sì pàtẹ́wọ́. Mo fún wọn ní obì tèmi. Bapa Lukas jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ korò, ó gbé e mì nítorí ọ̀wọ̀. Mo fún un ní máàkì.

Eyín erin kan wà tí wọ́n so mọ́ àjà ilé. Markus ní ohun tí ìdílé ọkọ máa ń gbé fún ìdílé ìyàwó nìyẹn, láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ó ní láti ọjọ́ tí bàbá òun ti gbọ́ pé ará Áfíríkà ni àna òun ni oorun kò ti kùn ún mọ́, nítorí gbígbé eyín erin fún ará Áfíríkà dà bí kí ènìyàn bu iyọ̀ fún òkun. Bàbá rẹ̀ ní kí n sọ òtítọ́: erin mélòó ni mo ní nílé?

"Sọ fún un pé ewúrẹ́ ni mo ní, wọ́n sì burú ju erin lọ."

Àwo mi

Oúnjẹ àkọ́kọ́ dé lọ́sàn-án Ọjọ́rú tí mo dé yẹn. Mama Rosa, ìyá Markus, ló gbé e wá: obìnrin kúkúrú tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí í fẹ̀yìn rìn jáde kí ó má baà kẹ́yìn sí àlejò. Ìrẹsì funfun rèǹtè, odindi ẹja sísun, ata gígún tó lè jí òkú dìde, àti ewé kan tí wọ́n fi mílíìkì àgbọn sè. Mo bèèrè ewé tí í ṣe. Ewé ẹ̀gẹ́ ni. Ní oko mi, ewúrẹ́ ni ó ni ewé ẹ̀gẹ́! Mo fi àìgbàgbọ́ tọ́ ọ wò, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ewúrẹ́ mi nínú ọkàn mi. Wọ́n ti ń jẹ̀gbádùn láti ọjọ́ yìí, wọn kò sọ fún wa.

Mo jẹun dáadáa. Nígbà tó kù díẹ̀, mo ṣe ohun tí gbogbo àgbà tó ní ẹ̀kọ́ ilé ń ṣe: mo ya orí ẹja sọ́tọ̀, mo fi ìrẹsì díẹ̀ tì í, mo sì sún àwo síwájú fún àwọn ọmọ. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nígbà tí a wà ní kékeré ní Oǹdó, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí bàbá wa bá ń jẹun, a ó máa fojú ka òkèlè. Bí bàbá bá ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, a mọ̀ pé orí ẹja ti di tiwa. Ẹ̀gbọ́n mi a pín in sí méjì, wọn a sì fún mi ní ìhà tó ní ojú.

Mo wúkọ́. Ọmọ kankan kò wá. Mo tún wúkọ́. Ọmọbìnrin kékeré kan yọjú, ó rí mi, ó sá lọ. Mama Rosa ló wọlé. Ó wo àwo náà. Ẹ̀rín rẹ̀ kú bí iná tí wọ́n bomi pa. Ó gbé àwo náà lọ.

Mo ní lọ́kàn mi pé: áà, wọn kò kọ́ àwọn ọmọ ilé yìí. Ẹni ń wádìí ni mí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ọkàn mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹja tó gbé wá tóbi ju ti àná lọ, wọ́n fi àtalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára. Ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀, àgbà kì í dá a jẹ. Mo fi ìdajì sílẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ náà, ìyá arúgbó tó ní mo jọ arákùnrin òun wá bi mí bóyá eyín ń dùn mí. Ẹlòmíràn gbé àgbo ikùn wá. Mo mu ún. Mo sọ fún Markus pé àwọn ará ilé wọn mọ ìtọ́jú àgbà. Markus rẹ́rìn-ín bí ẹni tí bàtà ń há.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti Bapa Lukas jókòó nínú oko rẹ̀, à ń la pódi kòkó. Òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó la tirẹ̀, mo la tèmi. Ó fi àtàǹpàkò yọ ọ́, mo fi àtàǹpàkò yọ ọ́. Ó lá ọwọ́ rẹ̀, èmi náà lá tèmi. Bí kì í bá ṣe ti àwo, mo ti fẹ́ràn ọkùnrin náà.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Mama Rosa pa adìẹ. Obìnrin tó pa adìẹ fún àlejò ti sọ̀rọ̀ ńlá, mo sì fẹ́ fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá. Apá nìkan ni mo jẹ. Mo fi itan méjèèjì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, mo to ìrẹsì yí i ká bí ìgbà tí wọ́n ṣe ọgbà yí ààfin ká. Mo wúkọ́ títí ọ̀nà ọ̀fun fi dùn mí.

Mo wá gba ẹ̀yìn ilé kọjá láti lọ fọwọ́. Níbẹ̀ ni ojú mi ti rí ohun tí ó rí. Mama Rosa dúró ti ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì da àwo mi, pẹ̀lú itan adìẹ méjèèjì, síwájú ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta.

Itan adìẹ! Àjẹkù ọ̀gá ilé-ìwé! Ẹlẹ́dẹ̀ tó tóbi jù gbójú sókè wò mí, ó ń jẹ ẹnu bí ẹni ń kí mi.

Mo pe Markus. Mo fi ohùn tí mo fi í lé ọmọ jáde ní kíláàsì bá a sọ̀rọ̀.

"Mo ti rí ohun tí mo wá wò. Bí Fúnmiláyọ̀ bá dé lọ́la, n ó sọ fún un."

Ọmọkùnrin náà tẹ orí ba. Ó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, sà, ó sì rọra lọ sí ilé ìdáná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo ọkọ̀ abúlé lọ sójú omi, ti Bapa Lukas nìkan ló jókòó sórí iyanrìn. Òun náà jókòó tì í.

Ìdáhùn mi ti pé lẹ́nu mi: rárá.

Ọ̀rọ̀ tí àwo sọ

Fúnmiláyọ̀ dé lórí ọ̀kadà, eruku ti sọ irun rẹ̀ di ewú. Ó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó wo ojú mi, ó sì dìde lọ sí ilé ìdáná láìbéèrè ohunkóhun. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, ó jókòó sílẹ̀ níwájú mi.

"Bàbá, kí ni Mama Rosa ṣe fún yín?"

"Ohun tó ṣe fún ẹlẹ́dẹ̀ ni kí o bi mí."

"Ó ní ẹ kò fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́ mi."

"Ta ló sọ fún un? N kò tíì sọ fún ẹ̀dá alààyè kan."

"Àwo yín ló sọ fún un, sà."

Fúnmiláyọ̀ súnmọ́ mi sí i.

"Níbí, bí ọmọdé bá ṣẹ́ ìrẹsì kù, ìyá rẹ̀ á sọ fún un pé ìrẹsì ń sunkún. Bí àgbà àlejò bá wá ṣẹ́ ẹ kù, ó ní òun kò gba ọwọ́ tó sè é nìyẹn. Mama Rosa ti ń ka àwo yín láti Ọjọ́rú bí ẹni ń ka lẹ́tà. Ó ní lẹ́tà àkọ́kọ́ burú, èkejì burú jù ú lọ, nígbà tí ẹ sì dá itan méjèèjì padà, òun mọ̀ pé ó ti parí. Ó ní adìẹ méjì péré ló kù kí òun sè, òun kò mọ̀ bóyá kí òun pa wọ́n tàbí kí òun kàn bẹ yín."

"Àwọn ọmọ ni mo fi í sílẹ̀ fún!" Ohùn mi ti lọ sókè jù. "Fúnmiláyọ̀, ṣé ìwọ náà kò mọ̀ ni? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ńkọ́?"

Ọmọ mi wò mí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, n kò sì mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, títí ó fi bú sẹ́rìn-ín tí omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó pe Mama Rosa. Ó túmọ̀ òwe náà fún un, pẹ̀lú igbá, pẹ̀lú rírù, pẹ̀lú ilé. Ó fi bàbá mi àti ikọ́ rẹ̀ kún un, ó fi wá sẹ́nu ọ̀nà ní Oǹdó, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, tí à ń fojú ka òkèlè.

Mama Rosa gbọ́ ọ tán. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ. Ó kọ́kọ́ fọhùn bí ẹni tí ó bínú.

"Ó ní: ṣé ẹ rò pé ebi ń pa àwọn ọmọ ilé òun ni?" Fúnmiláyọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ṣì ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń rọ̀, ẹ̀rín Fúnmiláyọ̀ náà sì dáwọ́ dúró. "Ó ní kí n sọ fún Bapa pé kò sí ọmọ tó ń dúró de àjẹkù nínú ilé yìí. Wọ́n ti yó kí òun tó gbé àwo yín kúrò níná."

Ẹ̀yin ará mi, mo ti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọba. Mo ti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn olùbẹ̀wò láti iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́, àwọn tí wọ́n le ju ọba lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ wọ́n mi. Ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Oǹdó ni mo ń rí, àti ẹ̀gbọ́n mi kékeré bí ìka, tí ó ń fún mi ní ìhà tó ní ojú.

Ojú ẹja

Lọ́jọ́ Àìkú, a lọ sí ilé ìjọsìn. Kátólíìkì ni wọ́n, Áńgílíkà sì ni èmi; a kọrin kan náà ní ohùn méjì, òrùlé kò wó. Nígbà tí a padà, Mama Rosa tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, ó sì gbé àwo síwájú mi. Gbogbo agboolé jókòó yí mi ká, wọ́n ṣe bí ẹni pé àwọn kò wò mí.

Mo jẹ ìrẹsì. Mo jẹ ewé ẹ̀gẹ́ títí omi rẹ̀ fi tán. Mo jẹ ata náà, mo sì sunkún díẹ̀ ní ipò ìrẹsì. Mo jẹ ìrù ẹja, mo jẹ ikùn rẹ̀, mo dé orí rẹ̀. Mo dúró díẹ̀, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti di bàbá, n kò jẹ ojú ẹja rí. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn bí mo ti rántí rẹ̀. Hóró ìrẹsì kan ṣẹ́kù létí àwo. Ìyá arúgbó nì na ìka sí i láìtijú. Mo mú un, mo fi sẹ́nu.

Lẹ́yìn náà, mo dìde, mo sì gbé àwo náà fúnra mi.

Ariwo sọ. "Bapa, ẹ má ṣe é!" Markus sáré wá gbà á. Mo kọ̀ fún un. Mo gbé e la agboolé kọjá, nínú òfì mi, lọ sí ilé ìdáná níbi tí Mama Rosa dúró sí, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́.

"Fúnmiláyọ̀, sọ fún un pé lẹ́tà mìíràn nìyí. Kí ó kà á."

Kò dúró de ìtumọ̀. Ó wo àwo náà, tó mọ́ bí ojú dígí. Ó yí i padà, ó wo ìdí rẹ̀ pàápàá. Ó sì ké igbe kan tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi dá a lóhùn. Ibi tí Markus dúró sí, igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tún wó. Mo ní kí ó dìde, ọmọ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Bapa Lukas kò pariwo. Ó wọlé, ó mú hóró kòkó kan jáde, ó nà án sí mi. Mo fi eyín fọ́ ọ. Ó ró pákán. Ó ti sá a láti Ọjọ́rú láìpa ọjọ́ kan jẹ, nínú gbogbo ìbànújẹ́ yẹn.

Nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀, òun náà ló gbẹ́ igbá kan láti inú èèpo àgbọn, tó dán, tó dúdú, ó sì ní kí Fúnmiláyọ̀ sọ fún mi pé òun ti gbọ́ òwe mi: ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán ni yóò rù ú.

Oǹdó

N kò yà sí Àkúrẹ́. Oǹdó ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, orúnkún mi sì ráhùn. Wọn kò bi mí nípa òkun, wọn kò bi mí nípa òkè tó ń rú èéfín.

"Kí ni o rí nídìí àwo?"

Mo tú ẹrù mi, mo gbé igbá náà lé wọn lẹ́sẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Igbá mi ni. Mo rù ú délé."

Wọ́n wo igbá, wọ́n wò mí. Wọn kò nílò ògbufọ̀. "O jẹ ẹ́ tán? Ìwọ, ọmọ bàbá wa?"

"Títí kan ojú ẹja."

"Àwọn ọmọ ilé náà wá ńkọ́? Kí ni wọ́n rí jẹ?"

"Wọ́n ti yó, Ẹ̀gbọ́n. Kí oúnjẹ mi tó kúrò níná ni wọ́n ti ń yó níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà."

Ẹ̀gbọ́n mi fi àtàǹpàkò ra etí igbá náà yípo, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e, wọ́n dìde, wọ́n wọ ilé ìdáná lọ. Nígbà tí wọ́n padà, iyán funfun ló wà nínú rẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí bò ó lójú, orí ẹja sì gun ún lórí, odindi.

"Kí ọmọ wa lọ fẹ́ ọmọ wọn," ni wọ́n wí. "Ìwọ, jẹun. Má ṣẹ́ nǹkan kan kù fún mi. Mo ti jẹun tèmi."

Mo jẹ ẹ́ tán. Wọ́n sì ní kí n fọ igbá.